Omi Tó Ń Mí Nínú Ìgò Ajíbọ́lá

Fẹ́sítákì,
Ìgbà ọyẹ́, 1984

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ara mi le koko. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Ìwé díẹ̀ tí mo kà ti tó mi í lò.

Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti sin Ajíbọ́lá ọmọ mi, kí n máa bọ̀ nílé ní Ìkirun. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, pé ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìgò iṣẹ́ rẹ̀, tó gbé wálé láti ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣì wà lórí tábìlì. Omi kẹ́míkà wà ní apá kan, mẹ́kúrì, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, wà ní apá kejì. Ó máa ń sọ pé, "Màámi, bí ooru bá mú omi yìí, á mí, èémí rẹ̀ á sì ti mẹ́kúrì sókè. Agbára èémí yẹn ni mò ń wọ̀n." Èmi náà ń fi rúlà rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Olúgbóyèga tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé e padà." Mo ní ìyá tirẹ̀ ni kó lọ gbé.

Láàárọ̀ àná, ọyẹ́ mú, mẹ́kúrì ò gbéra rárá. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ìgò náà, bí mo ṣe ń bo àyà rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, títí ó fi gòkè. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

N kò bọ̀ o. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún wọn pé ó tún mí lónìí.

Àbúrò yín,
Àyìnkẹ́