Èéfín Tí Mo Sé Mọ́ Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, níbi tí ẹ wà. Ara mi le, inú mi ni kò rọ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í bínú pẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi ni mò ń bínú sí báyìí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ara ẹni.

Ẹ kò bi mí léèrè iṣẹ́ mi lórí òkè Agbonou rí. Ó tó yín pé ọmọ yín ń wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ méjì ni mò ń tọ́jú níbẹ̀, tó ń fa afẹ́fẹ́ símú. Ọ̀kan ń wọn bí èéfín àti eruku ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, èkejì ń wọn bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọn ká. Kí wọ́n má baà purọ́, mo máa ń fi asẹ́ dí wọn lẹ́nu, kí wọ́n mí afẹ́fẹ́ tó mọ́ pátápátá, kí wọ́n lè mọ bí òfo ṣe rí. Èéfín igbó tí wọ́n ń sun lọ́nà jíjìn nígbà ọyẹ́ ni mò ń wọ̀n, kì í ṣe ààrò ẹnikẹ́ni.

Àràárọ̀ ni ìlà tí ẹ̀rọ ń fà máa ń fò sókè. Mo rò pé ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un wọ̀n, òfo rẹ̀ pé. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ òkè ni mo rí yín lábẹ́ máńgòrò, ẹ ń yan gàrí, ẹ ń fi etí ìró nu ojú, èéfín yín ń gun òkè bọ̀. Mo ń fagi lé ìlà yẹn nínú ìwé títí ó fi sú mi. Ọmọ wo ló ń rí ìyá rẹ̀ nínú èéfín, tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣàánú?

Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé ààrò wọlé. Mo mọ ògiri bíríkì yí i ká, mo dí fèrèsé tó kọjú sí òkè. Ẹ súre fún mi títí. Ẹ ń fi ilé ìdáná tí ọmọ kọ́ fún ìyá han àwọn tó ń wá ra gàrí láti Glei. Ìlà wá tẹ́jú, ọ̀gá mi sì yìn mí fún iṣẹ́ tó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ mú yín. Kí ló dé tí ẹ kò bú mi? Ṣé ẹ mọ̀? Èmi tí mo ń wọn èéfín jẹun, n kò gbé ẹ̀rọ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Àbúrò mi obìnrin ló ń yan gàrí níbẹ̀ báyìí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ tó ń wúkọ́, ó gbọ́wọ́ lé àyà bíi tiyín. Mo gbé òòlù, mo wó ògiri yẹn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ó dúró, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó gbé agbada jáde sábẹ́ máńgòrò.

Láàárọ̀ òní, ìlà tún fò sókè. Ó yẹ kí n fagi lé e. N kò fagi lé e. Orúkọ yín ni mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lé mi.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó mọ èéfín í wọ̀n, tí kò sì rántí pé ẹ̀yin náà ń mí.