Àdàbà Olórí Funfun Tó Ń Wá Sẹ́yìnkùlé

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ó rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bodè Ìdí-Ìrókò pa ni n kò ti rí ìrẹsì tà mọ́. Ìsọ̀ mi ti di ilé ewúrẹ́. Oko ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n gbójú lé báyìí.

Ṣé ẹ rántí páànù tí ẹ gbé sórí kùkùté ọsàn lẹ́yìnkùlé? Ìrẹsì tó bá já bọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣa òkúta rẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa ń dà á sí fún àwọn ẹyẹ, ẹ kì í jẹ́ ká gbá a dànù. Mò ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Ológoṣẹ́ àti ẹ̀gà ló ń wá, àfi bí àdàbà kan ṣe dé tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ dà bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dé ọrùn funfun báláú, bí ẹni fi àtíkè para. Ẹ̀yin náà kúkú fẹ́ràn àtíkè. Ni Ẹ̀gbọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ ti ọ̀run dé. Odidi díákónì, Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àdàbà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó wu èmi náà kí n gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìrẹsì ilé tán, Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí àgbàdo irúgbìn tí a so kọ́ sókè ìdáná, ó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún ẹyẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, kí la fẹ́ gbìn bí òjò bá dé?”

“Ṣé ẹni tó bí wa la ó wá febi pa?”

Ta ni ì bá là wá níjà bí kò ṣe ẹ̀yin?

Lánàá, nígbà tó lọ sípàdé ìjọ, mo kó ìyókù àgbàdo náà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mi. Láàárọ̀ yìí àdàbà náà dé, ó ń ṣa páànù òfìfo. Mo fi ìgbálẹ̀ lé e. Ó bà sórí ògiri, ó ń wò mí. Mo tún lé e.

N kò rò pé ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ṣì wá oúnjẹ lọ síbòmíràn ná. Ẹ padà wá bí àgbàdo bá gbó.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.