Tíṣà Kò Mutí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2025. Ìkìrun.
Ẹsẹ̀ tún yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ìgbà kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Fáìlì mẹ́fà fọ́n ká ilẹ̀. Olúrẹ̀mí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi ṣà wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí Mojí, ẹ má sọ pé ẹmu àárọ̀ lẹ ti gbà sára o." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹmu. Òun náà ni wọ́n fi ba orúkọ Tíṣà jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta.
Wọ́n pè láti ọsibítù Òṣogbo. Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun ti dé. Kí n wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta.
Àìsàn mi ti lórúkọ. Orúkọ gígùn — n kò tíì lè pè é tán. Dókítà Olúwọlé ya orí èèyàn sórí bébà, wọ́n kun ibì kan dúdú lápá ìpakọ́. Ibẹ̀, wọ́n ní, ló ń ṣètò ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ahọ́n, kí wọ́n má baà máa ṣe ségesège. Tèmi ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Àrùn tí kò wọ́pọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, láti ara òbí sí ara ọmọ. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Eré ìdárayá. Ọ̀pá ìtilẹ̀. Sùúrù.

Wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan wà rí nínú ìdílé wa tó máa ń ṣubú, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ lẹ́nu, tí àwọn èèyàn rò pé ọtí ni.



Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta.
Bàbá mi ni Tíṣà. Gbádébọ̀ Ọ̀ṣuntóyìn. Gbogbo Inísà ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Irú ìrọ̀lẹ́ Ẹtì báyìí ni wọ́n máa ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa lórin. Wọ́n á gbé mi síwájú kẹ̀kẹ́, wọ́n á fi àkísà wé irin kó má baà dùn mí. Dò, mì, sò — títí a ó fi dé. Bí mo bá ṣi ohùn, wọ́n á tẹ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá gbà á, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣọ́ọ̀kì àti àdí àgbọn ni wọ́n ń rùn. N kò gbóòórùn ọtí lára wọn rí.

Àjíǹde 1987: Tíṣà ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n níwájú ìjọ, ìwé orin já bọ́, ọ̀rọ̀ wọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wà títí ayé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Lọ́jọ́ kejì, mo rí wọn lókèèrè, mo gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá kí wọ́n má baà pè mí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Màmá kó wa padà sílé bàbá wọn ní Òkukù. Tíṣà nìkan ló kù. Wọ́n kú ní 1996. A kò lọ síbi ìsìnkú.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta.
N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta.
Jemima pè láti Ìlọrin. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ó béèrè èsì. Mo ní kò tíì jáde. Irọ́. Dókítà ní ó lè ti gbà á lára mi, ó lè má gbà á — ọgbọọgba ni. Tíṣà ò mọ ohun tí wọ́n fún mi. Èmi mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta. Òkukù, lẹ́yìn náà Inísà.
Màmá ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí mo dé. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọwọ́ wọn ṣì yá. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.

"Kì í ṣọtí?"

Mo ní kì í ṣọtí.

"Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn. Aṣọ ò rùn. Mo sọ ọ́ — àwọn èèyàn ní mò ń bo ọkọ mi láṣìírí. Nígbà tó yá, èmi náà gbà wọ́n gbọ́." Wọ́n tún bó ẹ̀gúsí kan. "Ká ní mo dúró, ṣé ara wọn ìbá sàn?"

Mo ní rárá, kì bá tí sàn.

"Ṣùgbọ́n ǹ bá máa dì wọ́n lọ́wọ́ mú."

Wọ́n fọwọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní ká wọkọ̀ Inísà lójú ẹsẹ̀. Sàréè Tíṣà wà lẹ́yìn ilé, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti sán. Màmá kúnlẹ̀. "Bàbá Mojí, wọ́n parọ́ mọ́ yín. Mo sì gbà á. Ẹ má bínú." Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi pé kí n fa àwọn dìde — èmi tí ẹsẹ̀ tèmi gan-an ń yẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo fà. A dìde ṣá.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta.
Mo pe Jemima. Mo sọ ọ́ fún un — àrùn náà, irọ́ tí mo pa, ohun tó lè kàn án. Mo ń retí kó béèrè nípa ara rẹ̀. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa ṣe àyẹ̀wò. Kí n jẹ́ kí òun rò ó. Ó wá ní, "Màámi, ẹ ò sọ̀rọ̀ bàbá àgbà yẹn fún mi rí. Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Mo fa àga, mo jókòó. A sọ ọ́ kọjá wákàtí kan. Kò tíì tán.