Ètò Ìsúnná Àgbá Omi Wa

Ilé Bàbá Rélùwéè,
Gwange, Maiduguri.
Oṣù kẹrin, nínú ooru.

Ràímì ọmọ mi, Àkànní ọkọ Morẹ́nikéjì,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìlú, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo sì kí ọ kú ìnáwó owó tí kò sí lọ́wọ́. Ara ńkọ́? Àwọn ọ̀gá rẹ ńkọ́? Gbèsè yín ńkọ́, ṣé ó ń dàgbà dáadáa? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí o rí àìsàn, kò sì ní jẹ́ kí àyà rẹ já lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o wá ṣí àpótí kí wọ́n wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Àmín.

Morẹ́nikéjì ìyàwó mi, mo kí ìwọ náà, torí mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí sétí ọkọ rẹ. Ọmọ tí mo bí sí Gwange, tó fi Haúsá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, tí Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, kò lè ka ojú ìwé kan kó má bi ọ́ léèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oyún inú rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń tàpá? Jẹ́ kó máa tàpá. Mo gbọ́ pé oṣù tó ń bọ̀ lo máa sọ̀. Wẹ́rẹ́ ni o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Mi ò pè yín lórí fóònù, torí àwọn tó ni fóònù ti fi kún owó wọn, èmi sì ti gbọ́ pé ìjọba tó bá gbọ́n a máa dín nǹkan kù. Kọ́púrà Raphael, ọlọ́pàá tó háyà yàrá ẹnu ọ̀nà wa, ló ń bọ̀ ní Abuja fún kọ́ọ̀sì, òun ló bá mi mú lẹ́tà dání.

Ràímì, gbogbo Gwange ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣàíbù, ayálégbé wa tó ń ta ẹja ní ọ̀nà Baga, ló gbé rédíò rẹ̀ síta, ó yí i sókè títí àwọn tó ń kọjá fi dúró. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ, tí wọ́n ní ọ̀gá ni ọ́ ní ọ́fíìsì ètò ìsúnná, omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. O ní ìjọba máa dín owó orí kù kí ará ìlú lè mí. O ní ìjọba á sì tún ná owó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń bi ọ́ léèrè ní àlàfo tó wà láàárín èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ńkọ́, o ní ba damuwa, kò séwu, wọ́n á yá a. Ó ní ta ló máa san án? O rẹ́rìn-ín, Ràímì. O ní gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa san án, torí àwọn náà máa jẹ nínú ẹ̀. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, o ní orílẹ̀-èdè kì í ṣe ilé, ẹni tí kò kàwé ni kì í mọ ìyàtọ̀. Èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà wá wo ilé wa, mo rí i pé ó lólórí, ó láráàlú, ó sì ní àgbá tí wọ́n ń da nǹkan sí. Mo ní kí ló dé tí ọgbọ́n ọmọ mi ò fi ní kọ́kọ́ tún ilé ìyá rẹ̀ ṣe?

O mọ àgbá dúdú tó wà lábẹ́ dóńgóyárò tí bàbá rẹ gbìn, kí Ọlọ́run fọ̀rọ̀ jìn ín. Láyé rẹ̀, gbogbo yàrá ló ń da kẹ́ẹ̀gì omi méjì sí i láràárọ̀, yálà wọ́n rà á lọ́wọ́ mẹrúwà tó ń ta omi kiri tàbí wọ́n lọ pọn ọ́n. Omi yẹn la fi ń ṣe àlùwàlá, òun la fi ń wẹ àwọn ọmọ ilé, òun làlejò ń mu, bí iná bá sì ṣẹ́ yọ nílé ìdáná, òun náà ni. Owó orí ilé wa nìyẹn. Ooru ìlú yìí kò gba àwàdà lásìkò yìí, omi ẹ̀rọ sì ti gbàgbé ọ̀nà àdúgbò wa, ni àwọn ayálégbé bá ń ráhùn. Mo pe ìpàdé lábẹ́ igi, mo ní láti òní lọ, kẹ́ẹ̀gì kan péré. Háà! Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Ṣàíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń kí mi ní ranki ya dade bí ẹni pé mo jọba. Tíṣà Fèyíkẹ́mi nìkan, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá ṣiṣẹ́ níbí, ló nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ní Màmá, níbo wá lomi máa ti wá? Mo ní bí ẹrù bá fúyẹ́ lórí wọn, wọ́n á lágbára sí i, wọ́n á rí omi púpọ̀ sí i, díẹ̀ tí wọ́n bá sì dá nínú púpọ̀ yẹn á ju ti àtijọ́ lọ. Ó ní nígbà wo? Mo ní ọmọ mi ò dárúkọ ọjọ́.

Ìjọba tí kò bá ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè, ṣé ìjọba nìyẹn? Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, mo bá ní kí wọ́n máa da omi sí gbogbo àgbàlá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí eruku lè sinmi. Mo gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi orúkọ rẹ sọ ọ́. Ṣàíbù ní bí òun bá rí omi ọ̀fẹ́ fọ ẹja òun, oníbàárà á pọ̀, gbogbo ilé ló sì máa jàǹfààní ẹ̀, mo bá ní kó máa bù ú bó ṣe wù ú, torí mo gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, òórùn ẹja nìkan ló dá padà. Mo fi Raphael ṣe olùdámọ̀ràn lórí ààbò àgbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àgbá, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ni bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lójúmọ́, láti inú àgbá tó ń ṣọ́. Èmi olórí ìjọba, mo fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye ìgbà tí mò ń wẹ̀. Kò dáa kí àlejò bá olórí nínú òógùn.

Tíṣà tún dé, ó ní kí n jẹ́ ká ṣírò. Mo ní mo ti ṣírò, mo ti fi òjò sínú ètò ìsúnná, yóò rọ̀ kí oṣù kẹrin tó parí, àgbá á kún, á sì ṣẹ́kù. Ó ní Màmá, látìgbà tẹ́ ẹ ti wà ní Maiduguri, ṣé ẹ ti rí i kí òjò gidi rọ̀ nínú oṣù kẹrin rí? Mo bi í bóyá ó gbọ́n ju Abuja lọ. Àwọn ará Abuja ń ka iye àgbá epo tí wọ́n máa tà lọ́dún tó ń bọ̀, epo ọ̀hún sì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó o. Tèmi wà lójú sánmà, ibẹ̀ sì sún mọ́ Ọlọ́run ju abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ó káwọ́ lẹ́yìn, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó kàwé máa ń bá tiwọn lọ báyẹn bí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀ jù wọ́n lọ.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, àgbá gbẹ. Mo ti ife bọ inú ẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó dún gbàǹgàn. Mo pe ìpàdé ká lè gé ìnáwó kù. Raphael ní a ò lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ààbò. Ṣàíbù ní bí a bá fọwọ́ kan omi ẹja, òun á kó lọ sí Bulabulin, ilé wa á sì pàdánù òun. Wíwẹ̀ tèmi, ipò ló ni ín, kì í ṣe èmi. A wò yíká, a rí i pé àwọn ọmọdé ò sí nípàdé, a bá gé wíwẹ̀ tiwọn. Kò sẹ́ni tó takò ó. Ooru sú bo ara ọmọ Ṣàíbù tó kéré jù, ó ń họ ara, ó ń sunkún. Mo sọ fún un pé ba damuwa.

Ìgbà yẹn ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé Hájíà Falmata, aládùúgbò wa tó jẹ́ Kànúrí, tó ní kànga ẹ̀rọ. Obìnrin náà lójú àánú, ó yá wa. Nígbà tó béèrè èyí tó yá wa, mo yá òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi san án, mo gbé e gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, mo gbé e gba ti ẹ̀yìn wọlé. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun fẹ́ ohun ìdógò. Kò sí nǹkan tí mo ní tó wù ú àfi òjìji dóńgóyárò yẹn. Ó ní kí wọ́n wó ògiri wa díẹ̀, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀: láti ìgbà tí oòrùn bá ti kan àtàrí títí di ìrun Alásárì, òun àtàwọn àlejò rẹ̀ ló ni òjìji igi bàbá rẹ. Àwa onígi ń wò wọ́n látinú oòrùn. Inú oòrùn náà ni mo wà tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú sí ibi tí òógùn bá ti bà á jẹ́.

Òjìji ò tó gbèsè. Lánàá, Hájíà Falmata wá, ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó máa san èyí tó kù, torí òun rí i pé mo ti dàgbà. Mo sọ ohun tí ọmọ mi sọ: ba damuwa, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa san án. Ó ní àwọn wo? Mo ní ìyàwó ọmọ mi lóyún. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn rẹ̀ bora padà. Ó ní kí lorúkọ ọmọ náà? Mo ní kò tíì lórúkọ. Ó ní òun ò fi gbèsè kọ́ ọrùn ẹni tí kò lórúkọ rí, ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní Abuja. Ó mirí, ó mirí, a sì jọ fẹnu kò, Raphael ṣe ẹlẹ́rìí: bí ọmọ náà bá ti lè gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré, yóò máa wá pọnmi fún Hájíà láràárọ̀ títí gbèsè á fi tán. Bó bá sì fẹ́ ṣeré lábẹ́ igi tí bàbá bàbá rẹ̀ gbìn, yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Àwọn baba wa náà ṣe irú ẹ̀, Ràímì, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Bàbá tó bí mi ṣe ìwọ̀fà ní kékeré nítorí gbèsè tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jẹ. Ó ro oko olóko títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le, títí ó sì fi kú kò gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ò bi òun léèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró kí wọ́n bí i ná. Ó ti jẹ iṣu nílé wọn, ó mọ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó sì lẹ́nu tó fi bú u. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ tuntun dé ọjà. Ẹ̀rín tó o rín lórí rédíò yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Gbogbo ilé dún fún ayọ̀, èmi ni mo wọ yàrá lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mi ò ní kó o bá mi san gbèsè Hájíà o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ìyẹn á di owó orí lọ́rùn rẹ, o sì ti ní kí owó orí máa wálẹ̀. Owó àgbò ìsọmọlórúkọ ni kó o fi ránṣẹ́, àti owó àgbá tuntun tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìjọba tí àgbá rẹ̀ gbẹ, àgbá ńlá ló yẹ ẹ́. Fi ti kẹ́ẹ̀gì kékeré kan kún un, èyí tí ọwọ́ ọmọdé lè gbé. Èyí tó dáa ni kó o rà, ìwọ̀fà Abuja ni. Bí owó ò bá sí lọ́wọ́, yá a.

Ọlọ́run á lànà fún ọ, Àkànní. Ẹni tó o jẹ ní gbèsè ò ní mọ ilé rẹ. Morẹ́nikéjì, wàá sọ̀ láyọ̀, ìyá á yè, ọmọ á yè, ọwọ́ mi ni màá fi gbé e jó. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ tún lẹ́tà yìí kà, ìyàwó mi, fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á kí ẹni tó wà nínú má bàa gbọ́. Ọmọ ayé ìsinsìnyí gbọ́n. Ó lè ní òun ò jáde o, àfi kí bàbá òun kọ́kọ́ wá ṣàlàyé gbèsè náà fún òun, láìrẹ́rìn-ín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràfíátù.