Páànù Orí Ilé Mi fún Kíláàsì Kìíní

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ọ̀gá Tíṣà, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tí mo ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí fún lóyà mi, tí akọ̀wé rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi nílé ìwòsàn. Ọpọlọ mi pé. Àyà ló ń dùn mí, kì í ṣe orí. Mo mọ ọjọ́ òní, mo mọ iye ọmọ tí mo bí, mo sì mọ ohun tí mo ní. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ lẹ́yìn ikú mi pé mo ti ń ṣarán, kó tún gbólóhùn yìí kà lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́bí mi, ìwọ ni mo ń bá wí.

Mo fagi lé ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí. Lóyà mi àti àbúrò mi ọkùnrin ni kí wọ́n jọ pín ogún náà. Yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé mo fi àbúrò mi sí i, nítorí ọdún kẹjọ rèé tí a ti ń kí ara wa bí ẹni tó ṣèèṣì pàdé ní báńkì. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀kíní. Gbogbo ìwé mi, tábìlì ìkọ̀wé mi, àti pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin tó wà lẹ́yìnkùlé, mo fi wọ́n fún àbíkẹ́yìn mi obìnrin. Akọ inú wọn máa ń géni jẹ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ló kẹ́ ẹ bàjẹ́. Kó má tíì pa á jẹ títí ọdún kan yóò fi yí po. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ṣe é bó bá ṣe wù ú.

Ẹ̀kejì. Àkàbà onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, n kò fi fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi dáná.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Àbúrò mi yìí ni olórí ọ́fíìsì tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì jáde láti ṣiṣẹ́ ìsìn fún ará ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ogójì wákàtí láìgba kọ́bọ̀ kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní ìwé wákàtí, ẹni tí wọ́n bá sì ràn lọ́wọ́ ni yóò buwọ́ lù ú. Nítorí pé àbúrò mi ni, ilé ẹ̀kọ́ tèmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rán wọn wá. Mo fi ń yangàn kiri. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n kun ògiri kíláàsì kìíní. Ó dára. Lọ́dún kejì, wọ́n tún un kùn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, òrùlé ló ń jò, igi òkè ń dún bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ọ́fíìsì ní ọ̀dà ló wà nínú ètò tọdún yìí. Ohun kan náà ni wọ́n wí lọ́dún kẹta, àti lọ́dún kẹrin. Mo ń buwọ́ lu ìwé wákàtí wọn. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti làágùn, aṣọ wọn ti kún fún ọ̀dà, ta ni mí tí n óò fi ní kí wọ́n má gba ìwé ẹ̀rí wọn?

Ní ọdún kẹrìnlá ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dé tí a sọ ní Ìbéèrè, nítorí kò lè gbọ́ nǹkan kó má bi ọ́ nídìí rẹ̀. Òun nìkan ló bi mí pé kí ló dé tí a fi ń kun ògiri tí òjò ń wọ̀ láti òkè. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ gbé àkàbà ilé mi wá. Èmi ni mo gbé e wá, èmi náà ni mo dì í mú. Ó gòkè, ó wo igi òrùlé náà fínnífínní. Ìgbà tó ń bọ̀ nílẹ̀ ni igi àtẹ̀gùn kan nínú àkàbà náà dá. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Mo débi ibùsùn rẹ̀, mo rò pé yóò bú mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ọ̀gá, mo rí i. Igi mẹ́ta ló ti jẹrà pátápátá.” Títí dòní, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gùn tó ọ̀tún. N kò tíì bẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀, n óò wá yí i sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀kẹta. Aago ọwọ́ bàbá wa, mo fi fún àbúrò mi. Láti kékeré ló ti ń wò ó.

Lẹ́yìn tí Ìbéèrè ṣubú, àbúrò mi ṣòfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi káfíńtà ti àwọn ọmọ náà lẹ́yìn lọ́dún kan péré, kí wọ́n máa gbé igi, kí káfíńtà máa gòkè. Ó ní ètò náà kò ní àyè fún káfíńtà. Mo ta kú síbẹ̀. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kun ibi tí ọwọ́ wọn bá tó.” Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Ẹni bá dé kíláàsì náà lónìí yóò rí i: búlúù láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ èèyàn mọ, òkè ibẹ̀ sì rí bó ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi fún ọdún mẹ́jọ. Ní báyìí tí mo dùbúlẹ̀, mo rí i pé àwọn tó wà lókè rẹ̀ náà ń sọ ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ fún un. Àbúrò mi, mo ti dárí jì ọ́. Bí ìwọ kò bá tíì lè dárí jì mí, kó o ṣáà máa lo aago náà.

Ẹ̀kẹrin. Kálàmù tí wọ́n fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kí wọ́n dá a padà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. N kò fẹ́ kí ọmọ mi kankan fi kọ nǹkan.

Ìbéèrè padà wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti di tíṣà. Nínú gbogbo ibi tó lè lọ, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló ní kí wọ́n gbé òun lọ, kíláàsì kìíní náà ni wọ́n sì fún un. Yàrá mẹ́fà ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní fún kíláàsì mẹ́fà, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè kó àwọn ọmọ náà sí. Ọmọ méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn sáré, òun tó mọ̀ kò sì lè sáré. Nítorí èyí ni mo fi gbéra lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún tó kọjá láti bẹ̀bẹ̀ fún òrùlé. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò yájú sí mi rárá. Ó ṣí fáìlì, ó fi hàn mí. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n tún kíláàsì kìíní ṣe, nítorí inú ìwé wákàtí ni wọ́n ti ṣà á jọ: “Iṣẹ́ àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ ti parí.” Ìbuwọ́lùwé mi ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn rí, ṣé mo fẹ́ gba ipò tiwọn ni? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Ẹ̀karùn-ún. Ilé mi, ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀, ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, mo fi í fún àkọ́bí mi. Òrùlé rẹ̀ kò sí lára ohun tí mo fún un. Páànù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti gbogbo igi tó gbé wọn dúró, kíláàsì kìíní ni mo fi wọ́n fún. Káfíńtà tó kan òrùlé náà fún mi ti wọn ilé mi àti kíláàsì náà, ó ní yóò tó, yóò sì ṣẹ́ kù. Láàárín ọjọ́ méje tí mo bá kú ni kó tú u, òun fúnra rẹ̀ ni kó sì kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má fi akẹ́kọ̀ọ́ kankan sí i nítorí wákàtí. Bí àkọ́bí mi bá dí i lọ́wọ́, kí gbogbo ilé náà di ti ilé ẹ̀kọ́.

Ìyàwó mi olóògbé ló yan páànù pupa yẹn. Ó ní òun fẹ́ máa rí ilé òun látòkèèrè bí òun bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọdún méjì péré ló lò lábẹ́ rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rò pé ó gbọ́.

Àkọ́bí mi, mo mọ̀ pé ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ lẹ ń gbé ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo ní kí a tú u, o dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní ẹni tó bá fẹ́ gbé àkàbà ti ògiri yóò gba orí rẹ kọjá. Mo ní ilé mi ni. O ní àwọn ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé ìta ni kí wọ́n máa sùn ni? O jàre. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó ra páànù, oògùn ló ń rà. Mo gbìyànjú láti gun òkè fúnra mi ní ọjọ́ kẹta, tí ẹ kò sí nílé. Orí igi àtẹ̀gùn kẹta ni àyà ti dá mi dúró. Ohun tó gbé mi dé ibùsùn yìí nìyẹn, kì í ṣe iyọ̀ tí ẹ ń sọ kiri pé mo jẹ jù.

Ẹ̀kẹfà. Mo bi lóyà mi pé ọjọ́ wo ni ìwé yìí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ọjọ́ tí mo bá kú, pé kó tó dìgbà náà, kò lágbára lórí páànù kan ṣoṣo. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Ìbéèrè yà kí mi lẹ́yìn iṣẹ́, èjìká aṣọ rẹ̀ tutù. Ó ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti ti bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Láàárọ̀ yìí ni dókítà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́, àyà mi ti ń lọ déédéé, bí mo bá ń ṣọ́ra, mo ṣì lè lo ọdún mẹ́wàá sí i. Àbíkẹ́yìn mi bú sẹ́kún ayọ̀, ó dì mọ́ mi. Mo ní mo dúpẹ́. Mo wá ń ka iye òjò tí yóò rọ̀ sí kíláàsì kìíní láàárín ọdún mẹ́wàá.

Mo fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lu ìwé yìí ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin.

Ọ̀gá Tíṣà

Lójú àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí, tí wọn kò ní ìpín kankan nínú ogún náà:
Akọ̀wé lóyà
Nọ́ọ̀sì yàrá àwọn ọkùnrin