Lẹ́tà Tí Mo Fi Pe Àbúrò Mi Padà Sídìí Òkúta

Èmi tí gbogbo ibi iṣẹ́ mọ̀ sí Apeniwálé, àkọ́bí bàbá tó ń tún aago ṣe àti ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí nínú yàrá mi lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Orí mi pé. Kíndìnrín mi méjèèjì ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, dókítà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, pé àìsàn náà kò dé ọpọlọ mi. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí n ó kọ fún mi. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e lónìí.

Agbẹjọ́rò mi àti ìyá oníbúrẹ́dì ni mo yàn láti mú ohun tí mo kọ síbí ṣẹ. Agbẹjọ́rò mọ òfin, ìyá oníbúrẹ́dì mọ̀ mí. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ mí. Gbèsè tí mo jẹ kì í ṣe èyí tí a ń fi owó san, ẹ ó sì bá a pàdé níwájú.

Kìíní. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo ń gbé, àti ilẹ̀ rẹ̀ títí dé ara ògiri ilé búrẹ́dì, mo fi í fún àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí. Tirẹ̀ ni pátápátá. Kí àwọn ẹbí má ṣe pe ìpàdé lórí rẹ̀. Wọ́n ti pe ọ̀kan rí, èmi ni mo bà á jẹ́.

Àwọn tó wà níbẹ̀ tó ṣì wà láàyè á rántí. Bàbá wa ti sọ pé àwa méjèèjì la ó jọ ni ilé yìí. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo dìde níwájú àwọn àbúrò bàbá wa, mo ní bí wọ́n bá fún àbúrò mi ní ìdajì, yóò tà á, yóò sì fi owó rẹ̀ bọ́ eré orí kọ̀ǹpútà. Mo ní ọkùnrin tí kò rántí ọmọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kò lè rántí láti san owó iná. Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní kó sọ tẹnu ẹ̀. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ." Báyìí ni gbogbo ilé ṣe di tèmi. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, mo sì fi sínú àpò.

Òótọ́ ni mo sọ lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ ni ẹni tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ìkejì. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, pẹ̀lú tákàdá kan tí mo fi sáàárín ìkẹta, mo fi wọ́n fún ọmọbìnrin àbúrò mi, olùkọ́ ìṣirò. Kó ṣe ohun tó bá fẹ́ sí wọn. Bó fẹ́ kó gbé wọn lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn, kó gbé wọn lọ.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú wọn: ẹ̀dà àwọn lẹ́tà tí mo kọ níbi iṣẹ́ ni. Fún ogún ọdún ó dín díẹ̀, mo ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣẹ̀dá eré orí ẹ̀rọ ayélujára. Ojú sánmà ni eré náà ti ń ṣẹlẹ̀. Wọn yóò fún ọ ní ọkọ̀ kékeré kan, o ó wà á lọ síbi àwọn òkúta tó ń yí òṣùpá ká, o ó tẹ bọ́tìnnì, o ó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá, òkúta á fọ́, erùpẹ̀ rẹ̀ á wọnú ọkọ̀. O ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà, o ó lè pààrọ̀ ẹ̀rọ ìwalẹ̀ rẹ sí èyí tó ń fọ́ òkúta láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùndínlógójì. Nígbà náà ni wọn yóò fi ọkọ̀ tó tóbi ju tìrẹ lọ hàn ọ́. Gbogbo eré náà nìyẹn. Bí o kò bá wá lọ́jọ́ kan péré, iye ọjọ́ tí o ti fi wá láìsinmi á padà sí òdo, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkọ̀ rẹ. Kò sẹ́ni tó ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa pé kò kan òun bóyá inú ẹni tó ń ṣeré náà dùn tàbí kò dùn. Kó ṣáà máa bọ̀.

Ẹ̀ka Ìpadàbọ̀ ni mo wà. Àwọn tó bá ti fi eré sílẹ̀, orúkọ wọn á dé orí tábìlì wa, àwa la ó kọ lẹ́tà tí yóò dá wọn padà. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni, àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń kán omi sórí fáìlì. Ènìyàn méjìlá ni oníkálukú gbọ́dọ̀ dá padà lọ́sẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù fún oṣù kan yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo mọ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Apeniwálé, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti dá mọ́kànlá padà, ó ku ẹyọ kan. Ìkejìlá ni mo ń wá nínú àwọn fáìlì nígbà tí mo rí ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gá Adákẹ́. Ọ̀gá Adákẹ́ ni èmi àti àbúrò mi máa ń pe ìyá wa lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kì í pariwo mọ́ wa, ojú nìkan ló fi ń bá wa wí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ orúkọ yẹn. Ogójì ọjọ́ ni ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti lọ. Níbi tí a ti máa ń béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń lọ, ohun tó kọ ni pé: "A ti bí ọmọbìnrin fún mi. Ẹ ṣeun, eré ti tó."

Mo kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn orúkọ mìíràn pọ̀ nílẹ̀ tí mo lè mú. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́rin ti lù, èyí tó wà lọ́wọ́ mi sì ni mo mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ọdún tó ṣáájú ni ìyá wa kú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń béèrè àbúrò mi ní ilé ìwòsàn, ìgbà tí àbúrò mi sì fi máa ti ìrìn àjò dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá wa lójú. Kò tíì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Mo fa kọ̀ǹpútà súnmọ́ra, mo kọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀gá Adákẹ́ nìkan ló wà lójú sánmà. Ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Kò bínú sí ọ. Ó kàn ń wo ọ̀nà ni."

Ilé-iṣẹ́ ló fọwọ́ sí i, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, agogo méje kọjá díẹ̀, ó wọlé padà. Mo pé méjìlá.

Ọmọ mi, ìwọ olùkọ́ ìṣirò, tákàdá tí mo fi sáàárín ìwé kẹta ni ibi tí bàbá rẹ ti kọ ìdí tó fi ń lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ lo ti gbà pé eré ló fẹ́ràn jù ọ́ lọ, o sì ti sọ ọ́ lójú mi rí, mo dákẹ́. Ó ti fi í sílẹ̀ nítorí rẹ. Ogójì ọjọ́ ló fi gbé ọ mọ́ àyà láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì, kì bá sì padà mọ́.

Ìkẹta. Àpótí irinṣẹ́ bàbá wa, pẹ̀lú awò ojú kan, ẹ̀mú kéékèèké mọ́kàndínlógún àti ike òróró, kí ó padà sọ́dọ̀ àbúrò mi, tó fi ń tún aago ṣe lẹ́yìn bàbá wa. Mo mọ̀ pé kò lè lò ó mọ́.

Ọdún mẹ́tàlá ló fi wa òkúta lẹ́yìn lẹ́tà mi. Ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́fà nígbà tí a ṣe àkànṣe oníwákàtí mẹ́ta kan, tí òkúta kọ̀ọ̀kan ń mú erùpẹ̀ ìlọ́po méjì wá. Ẹ̀ka wa ló kéde rẹ̀. Ọ̀sán ni, àsìkò tí ilé-ẹ̀kọ́ ń jáde. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí olùṣọ́ fi ti géètì, tó sì mú un lọ sílé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti lọ bá a. Ìyàwó wa kò pariwo. Ó di ẹrù méjì, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé: "Mi ò bá ọ jà. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ ẹni tí yóò máa rántí rẹ̀." Èmi ni mo bá a gbé ẹrù kan dé ìdí ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń dùn ún, ó dé ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ìrora lọ, ọwọ́ náà sì kú tipiri. Ọkùnrin tó lè fi irun kan gbé eyín aago kò lè di ẹ̀mú mú mọ́. Àwọn oníbàárà ní sùúrù fún un, ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí aago ìgbéyàwó obìnrin kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì fọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Dókítà bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe tó le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ń wa òkúta.

Ìkẹrin. Aago ara ògiri tó wà nínú pálọ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, mi ò fi í fún ẹnikẹ́ni. Kí ìyá oníbúrẹ́dì fọ́ ọ, kó kó o dà nù. Oṣù tí mo pe àbúrò mi padà ni wọ́n fi í ta mí lọ́rẹ fún iṣẹ́ àṣekára. Ó kú lọ́dún kejì, mo gbé e lọ fún àbúrò mi, ó tún un ṣe, ó sì kọ̀ láti gba owó.

Ìkarùn-ún. Àwòrán òṣùpá tó wà lókè ibùsùn mi, kí a dá a padà fún ọkùnrin tó yà á. Òun ló ya gbogbo òṣùpá inú eré náà. Ó fẹ́ mi, mo fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó rí ìwé tí wọ́n fi ń wọn bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ tó nídìí òkúta kó tó sú u, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí n bá òun lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n parí oṣù. Oṣù yẹn kò parí. Ó ti ní aya àti ọmọ báyìí, mi ò sì fẹ́ da ilé ẹnikẹ́ni rú. Kí ẹ kàn fi àwòrán náà ránṣẹ́, kí ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ìkẹfà. Ajá mi, arúgbó tó ń jí bàtà, kó máa bá ìyá oníbúrẹ́dì gbé. Ó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, orí àkéte mi nìkan ló ti ń sùn.

Ìkeje. Owó ìfẹ̀yìntì tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti san ti ilé ìwòsàn, kí ọmọ àbúrò mi gbà á. Mo mọ ibi tó ti wá. Bí kò bá lè ná an, kò burú.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣeré náà kò tó nǹkan mọ́, ilé-iṣẹ́ sì pa á. Wọ́n yọ okùn iná, gbogbo ọkọ̀ pòórá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi wá jókòó nínú pálọ̀ mi, ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sórí orúnkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ọwọ́ yìí ṣe?" Mo lè sọ fún un nígbà náà. Mo po tíì fún un. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, gbogbo Sátidé ló ń wá fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀ fún mi, tó sì ń tì mí lẹ́yìn lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ìkẹjọ. Kí wọ́n sin mí láìṣe ariwo. Bí àbúrò mi kò bá wá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì torí ìyẹn gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àfikún. Agbẹjọ́rò ka ohun tí mo kọ sókè yìí, ó wá ní ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí òkú jẹ́wọ́. Ojú tì mí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí àbúrò mi tó mú ìgbálẹ̀, mo ní kó jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n fi lẹ́tà tí mo fi pe òun padà han òun. Mo yọ ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà. Ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbálẹ̀ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tì mí lọ sí ilé ìwòsàn, ó dúró títí ẹ̀rọ fi parí, ó mú mi padà wá, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Ó kí mi pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Sátidé mẹ́ta ti kọjá láti ìgbà náà. Ìyá oníbúrẹ́dì ló ń tì mí lọ báyìí.

Mi ò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tí mo hágún.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ní ọdún kejìlélọ́gọ́ta ayé mi.

Apeniwálé

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn, tí wọn kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀:
Nọ́ọ̀sì ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀
Akọ̀wé agbẹjọ́rò