Àwọn Ọkùnrin Mẹ́ta Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Oòrùn

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ kò pa ọ́ lára, ṣé ọ̀gá yín tí ikọ́ máa ń ṣàdédé mú bí òpin oṣù bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ti rí ìwòsàn? Ilẹ̀ tí o tẹ̀ níbẹ̀ yóò gbà ọ́, ẹnu tó bá pe orúkọ rẹ níbi iṣẹ́, ire ni yóò fi pè é, ohun tí o bá sì fi ọwọ́ ara rẹ wá, ẹlòmíì kò ní bá ọ gbé e lọ. Èmi àti ìyá rẹ ń bẹ. Orúnkún mi òsì ń ké bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń ké, àwọn méjèèjì ló jọ dàgbà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ sọ̀rọ̀, obìnrin kan já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, ó ní owó mi ti tán. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, kò mọ̀ mí rí, báwo ló ṣe wá mọ ohun tó wà lápò mi? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó máa ń jókòó síbẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ìwé kò ní obìnrin nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Páálí tí o fi rán awakọ̀ sí wa dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Awakọ̀ náà kò tètè gbé e fún mi, ó ní àfi kí n kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù kan kọ́kọ́. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé kí ni àjọṣe èmi àti ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé ó dán mọ́rán, àfi pé kì í tètè wálé. Awakọ̀ kà á, ó wò mí, ó gbé páálí fún mi.

Ohun tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. O ní o ń kó kúrò nílé tí o wà, kí á bá ọ gbé páálí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ, kí á má ṣí i, kí á má sì jẹ́ kí oòrùn kàn án. Ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo ti ń ránṣọ. Gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá bá mi, tó ní kí n má tú u wò, àbàwọ́n máa ń wà lára aṣọ náà. Ìyá rẹ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọ tó ti ń gba owó oṣù ti kọjá ẹni tí à ń tú ẹrù rẹ̀. Mo gbà fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tó lọ kí àbúrò rẹ̀, mo mú àlùmọ́gàjí.

Ọmọláńgidi mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, kálukú nínú páálí tirẹ̀, ike tó mọ́ gaara sì wà níwájú wọn bíi fèrèsé. Mo tú méjì síta. Ti àkọ́kọ́ wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ, ó wá wọ pátá lé e lórí. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó. Pátá ló wà lókè, ṣòkòtò ló wà nísàlẹ̀. Ẹnì kejì bo gbogbo ojú rẹ̀, ó fi ẹnu nìkan sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ jí adìyẹ tí kò sì fẹ́ kí ebi pa òun lójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì so aṣọ kan mọ́ ọrùn, ó ń wọ́ lẹ́yìn wọn. Mi ò tíì fọwọ́ kan ẹnì kẹta tí mo fi gbọ́ ohùn ìyá rẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé ẹ̀rí wà nínú páálí wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo gbé e lọ bá Tíṣà Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà. Ó kà á fún mi, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojúlówó ni, àti pé igba ó lé mẹ́rìnlá ni nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo bi í pé ṣé ẹni tó gba ipò igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n wá tà fún ọmọ mi, níbo ni ẹni tó gba ipò kìíní wà. Ó ní kì í ṣe ipò, pé wọ́n kàn ń ka iye tí wọ́n ṣe ni. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Àwọn tíṣà kì í fẹ́ dójú ti ọmọ olọ́mọ níwájú bàbá rẹ̀.

Nísàlẹ̀ páálí ni mo ti rí rìsíìtì. Tíṣà ka iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó tún un kà. Owó ọmọláńgidi kan ṣoṣo tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tó ń lo iná, yóò sì tún ṣẹ́kù tí wọ́n á fi kan tábìlì sí i. Mo wá jókòó. Mo ní nínú ohun méjì, ọ̀kan ni: yálà wọ́n lu ọmọ mi ní jìbìtì, tàbí nǹkan kan wà nínú ikùn àwọn ọkùnrin yìí. Mo mi àkọ́kọ́, mo fi etí sí i láyà, kò dún. Mo gbé e sọ́wọ́ kan, mo gbé àlùmọ́gàjí sí èkejì, àlùmọ́gàjí ló wúwo jù. Bí góòlù bá wà níbẹ̀, góòlù náà ń ṣàìsàn.

Ìyá rẹ fi fóònù bi ọ́ pé kí ni ìwúlò ẹrù náà, kò sọ fún ọ pé mo ti ṣí i. Má bínú sí i, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. O dá a lóhùn pé kí á fọkàn balẹ̀, pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn máa ń ga sí i. Mo mú téèpù. Ìǹṣì mọ́kànlá àti ààbọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́, èyí tó bo ojú fi díẹ̀ kéré sí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà, mo sì ń wọ̀n wọ́n láràárọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn kò fi ibi tí abẹ́rẹ́ nípọn tó ga sí i. Mo wá rò ó pé ohun tó bá máa ga gbọ́dọ̀ rí oòrùn, bóyá ẹni tó ní kí o má jẹ́ kó rí oòrùn ni kò fẹ́ kó ga. Mo gbé èyí tó bo ojú sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ga. Èjìká rẹ̀ kan ló ṣí díẹ̀, mo sì ti fi tàdáwà kùn ún, ìwọ nìkan lo máa mọ̀.

Èyí tó kù láti jẹ́wọ́ nìyí. Aṣọ tó wà lẹ́yìn wọn, ẹni tó rán an kò ní ẹ̀rí ọkàn. Wọn kò ká etí rẹ̀ dáadáa, òwú ti ń yọ. Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀ kí n sùn. Mo tú u, mo fi sílíkì tó ṣẹ́kù lára kóòtù ọkọ ìyàwó kan rán òmíràn fún wọn, mo ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì rán ṣòkòtò kékeré kan fún ẹni àkọ́kọ́, ó bo pátá náà mọ́lẹ̀. Wọ́n wá dà bí ọmọ èèyàn. Mo gbé wọn sórí tábìlì ìgéṣọ, mo gbé ẹnì kẹta tí kò tíì jáde kúrò nínú páálí sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti yà wọ́n ní fọ́tò, tó gbé e sórí ayélujára, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà tí mọ́tò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo rárá, èmi sì máa ń fura sí ohun tó bá ń bọ̀ tí kò pariwo. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó wá yọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lápò, ó wọ̀ ọ́ bíi dókítà kó tó fọwọ́ kan ọmọláńgidi. Ó mi orí. Ó ní ó ṣe òun láàánú, pé nítorí a ti tú wọn síta tí a sì ti pààrọ̀ aṣọ wọn, pàǹtí ni wọ́n, ṣùgbọ́n torí pé òun ti rìn jìnnà, òun á bá mi kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nílẹ̀. Ó fẹ́ fún mi ní owó tí kò tó ra bọ́tìnnì kóòtù kan.

Ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tiwa, ọwọ́ ló wà. Bó ṣe ń fẹnu bú àwọn méjì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí páálí ẹnì kẹta, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Oníbàárà tó bá ń bú aṣọ tí kò sì lè sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti rà á nínú ọkàn rẹ̀. Mo ní kò sí pàǹtí ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi kún owó. Mo ń gbá òwú nílẹ̀. Ó tún fi kún un, títí tó fi kọjá iye tó wà lórí rìsíìtì rẹ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ló ni ín, pé mi ò lè ta ohun tí mi ò rà.

Ìyá rẹ ti wọlé nígbà náà, ó fún un ní omi. Ó bi í pé kí ló ń fi wọ́n ṣe. Ọkùnrin náà ní òun ní igba irú wọn nílé, nínú yàrá kan, lórí pákó, òun sì máa ń wò wọ́n. Ìyá rẹ ní ta ló máa ń bá a wò wọ́n. Ọkùnrin náà mu omi náà tán kó tó dáhùn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá yẹn, nítorí eruku. Ọkàn mi sì fò sọ́dọ̀ rẹ níbi tí o wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ òótọ́. Ó ní àwọn méjì tí mo tú, owó wọn ti lọ lóòótọ́, ẹni tó mọyì wọn kò ní rà wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú páálí ṣì ń lówó lórí. Ó wá yí aṣọ tí mo rán padà, ó fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo etí rẹ̀, ó béèrè ẹ̀rọ tí mo lò. Mo ní ọwọ́ ni. Ó ní mọ́kànlá nínú tòun ni aṣọ wọn ti jẹrà lẹ́yìn, ṣé mo lè rán òmíràn fún wọn. Mo kọ nọ́ḿbà mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó gbà. Ó ti fi mẹ́ta ránṣẹ́, mo ti rán wọn, ó sì ti sanwó. Ohun tó ń san lórí aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, òun ni àwọn ará ibí ń san lórí odindi ṣòkòtò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá mi jà. Síbẹ̀, bí o bá bi mí bóyá àwọn ọkùnrin yìí tó iye tí o rà wọ́n, mi ò tíì gbà. Ohun tó jẹ́ pé bí bàbá ẹni bá fọwọ́ kàn án báyìí, owó rẹ̀ lọ, irú owó wo nìyẹn?

Mo ti ba méjì jẹ́ fún ọ, dárí jì mí. Ohun tí mo bá ń rí lórí aṣọ wọ̀nyí, tìrẹ ni títí yóò fi pé.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń fura sí jù kì í ṣe ọmọláńgidi. Tíṣà ka ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì fún mi. Oṣù tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ ni, oṣù tí o ní kò sówó ọkọ̀. Mi ò sọ fún un, mi ò sì ní í sọ. Mi ò bínú. Èèyàn kì í dédé fi owó tó tóbi báyìí ra ọkùnrin mẹ́ta tí kò lè fọhùn. Ìdí tí o fi ń kó kúrò nílé, o kò sọ ọ́. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ṣé ẹnì kan wà tó ń kí ọ káàbọ̀?

Bí ọwọ́ rẹ bá yọ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín páálí méjì, òwú dúdú, àti gílóòbù tó mọ́lẹ̀ ju èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Má fi gba báǹkì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n wá mú ìwé wá láti fi hàn pé èmi ni èmi.

Aṣọ ìnujú tó wà nínú àpòòwé yìí, èmi ni mo rán an. Owó ọkọ̀ rẹ, àlọ àti àbọ̀, wà nínú etí rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ogójì ni mo fi dì í. Kà á kí o tó tú u. Bí kò bá pé ogójì, awakọ̀ ti débẹ̀. Bó bá pé, wálé. Ọ̀nà kò ní na ọ́, ilé kò ní lé ọ, ọjọ́ tí o bá sì dé, a ó wà láàyè láti ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.